BandLab láti Kàbbà: bí mo ṣe rí ẹni bá mi lu ìlù àti ẹni bá mi gbe orin

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Iná dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kan, mo sáré ki fóònù bọ iná, mo ṣí dátà, ni mo bá rí i pé ẹnìkan ti fi bẹ́ẹ̀sì sí orin mi. Orin tí mo fi gìtá kan ṣoṣo àti ohùn ara mi gbà sílẹ̀ nínú yàrá mi ní Kàbbà níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí mo fi aṣọ nípọn bo wíńdò kí ariwo ọ̀kadà má bàa wọlé, ẹnìkan tí mi ò rí rí, ní ìlú tí mi ò dé rí, ti jókòó tì í, ó ti wá ibi tó yẹ kí bẹ́ẹ̀sì ti wọlé, ó sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́ kí ohùn mi lè sọ̀rọ̀. Mo fi íápíìsì sétí mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá. Omi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọrin níbí o, tó jẹ́ pé ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ní, òun náà sì ti kó lọ sí Abuja wá iṣẹ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí àwọn ọ̀dọ́ olórin láti Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ máa ń bi mí pé àǹtí, app wo lẹ ń lò, níbo lẹ ti ń rí àwọn èèyàn yẹn. App náà ni BandLab. Mo ti lò ó ju ọdún kan lọ, mo ti parí orin mẹ́rin nínú ẹ̀, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ tí wọ́n sì ti ń fi han ara wọn ni. Ilé iṣẹ́ tó ni ín wà ní Singapore, Meng Ru Kuok wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ọdún 2015 ló jáde. Ní 2018 àwọn náà ló ra Cakewalk, ohun tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ Gibson tó ń ṣe gìtá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ stúdíò tipẹ́tipẹ́ á mọ Cakewalk dáadáa. Ní 2024 wọ́n kéde pé àwọn tó ń lò ó ti pé mílíọ̀nù 100. O lè lò ó lórí Android, lórí iPhone, àbí kó o ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń sanwó fún, Membership ni wọ́n pè é, àmọ́ mi ò tíì san kọ́bọ̀ rí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí inú ọ̀fẹ́ ni mo ti ṣe é.

App tó ń gba ohùn sílẹ̀ kún ilẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó dá mi dúró síbí ni bí iṣẹ́ ẹni méjì ṣe ń pàdé. O lè pe èèyàn wọ inú orin ẹ, ẹni yẹn á rí gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, agogo lọ́tọ̀, á fi tiẹ̀ kún un, á sèfù, ìwọ náà á ṣí i lọ́dọ̀ tìẹ wàá gbọ́ ohun tó ṣe. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sèfù, app máa ń tọ́jú èyí tó wà tẹ́lẹ̀, revision ni wọ́n ń pè é, torí náà tí ẹnìkan bá ṣi ọwọ́ pa nǹkan rẹ́, ẹ kàn máa padà sí ti àná ni. Nǹkan míì tún wà tí wọ́n ń pè ní Fork: tó o bá fàyè gbà á, ẹnikẹ́ni lè mú ẹ̀dà orin ẹ lọ, kó lọ ṣe é bó ṣe wù ú, tìẹ á ṣì wà níbi tó wà. Bí ẹni wá ṣa ẹ̀yín iná lọ́dọ̀ aládùúgbò ni, iná tìẹ ò ní torí ẹ̀ kú. Ibì kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Creator Connect, ibẹ̀ lèèyàn ti ń wá olórin míì, wàá sọ ohun tó o mọ̀ ọ́n lù àti irú orin tó o ń ṣe.

Bí mo ṣe rí àwọn èèyàn tèmi nìyí. Mo kọ orin kan lórí ọkọ́ bàbá mi. Bàbá mi fi iṣu àti kajú tọ́ wa ni, nígbà tí wọ́n lọ, ọkọ́ wọn ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò gbé e kúrò níbẹ̀ títí di òní. Kọ́rọ́ọ̀sì orin náà bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ọkọ́ bàbá mi ò gbọdọ̀ nù." Mo gbà á sílẹ̀, mo fàyè gba Fork, mo kọ ọ́ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé mo ń wá ẹni tó máa bá mi lu bẹ́ẹ̀sì àti ìlù. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni. Mo ti ń rò ó pé kí n yọ ọ́ kúrò. Ni mo bá rò ó pé kò burú, èmi gan-an náà ò tíì yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin àwọn ẹlòmíì, lálaalẹ́ màá gbọ́ mẹ́ta àbí mẹ́rin, màá sọ ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ gan-an, pé ibi tí gìtá ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì dùn mọ́ mi, pé ohùn ẹ sá sẹ́yìn jù. Mi ò kọ "nice one" lásán. Àwọn tí mo kọ ọ́ sí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ mi, ọ̀kan nínú wọn lẹni tó lu bẹ́ẹ̀sì yẹn, Philippines ló ń gbé, awakọ̀ ni, orin ló fi ń sinmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ fi orin sí ọ́nláìnì tí kò sẹ́ni tó dáhùn, mo bẹ̀ yín, ta lẹ̀yin náà ti dáhùn?

Ẹnì kejì jẹ́ onílù láti Salvador ní Brazil. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí mi, èdè Potogí ló fi kọ ọ́, mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan láàárín gbùngbùn: agogô. Mo pariwo nínú yàrá! Agogo wa náà ni, àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó rékọjá òkun ló gbé e lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ò gbàgbé irin náà, wọn ò sì gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ó lù ú sínú orin mi, mo sì gbọ́ kon-kon-kolo tí mo mọ̀ láti kékeré, mi ò ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ẹni Philippines ló nílò àlàyé. Ó ní òun ò mọ ibi tí "one" wà nínú orin yìí, ìyẹn ibi tí kíkà ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti rọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń já bọ́ níwájú wa. Mo ní kó má kà á bẹ́ẹ̀, nǹkan 12 kéékèèké ló wà nínú àyíká ìlù náà, o lè pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, o lè pín in ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, a sì máa ń gbọ́ méjèèjì pa pọ̀, ẹsẹ̀ ń jó ọ̀kan, ọwọ́ ń pa ìkejì. Mo fi àtẹ́wọ́ pa á, mo fi fídíò ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹrin ó fi bẹ́ẹ̀sì tuntun sí i, àṣé ó ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbà tó wá fi ohùn bá mi gbè é ni wàhálà dé. Ohùn ẹ̀ dùn o, ó mọ́, àmọ́ ó wá ọ̀nà tiẹ̀ tó bá gìtá mu, níbi tí "ọkọ́" ti yẹ kó gòkè, tiẹ̀ dúró sójú kan. Ẹ sáà mọ ohun tó dà. Kò sí ọkọ́ níbẹ̀ mọ́, "ọkọ bàbá mi" ló ń kọ. Àwọn olólùfẹ́ orin mi lórí WhatsApp ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó fọkàn sí i, ẹ̀gbọ́n kan láti Ògìdì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àbúrò, ta ni ọkọ bàbá yín?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ bá a, mo ṣàlàyé pé ní èdè wa ohùn ni ọ̀rọ̀, mo ka ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ fún un, mo sọ ìtumọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, irin oko, baálé ilé, mọ́tò, ohun ogun. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Láti ìgbà yẹn, kó tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí orin mi, á ní kí n kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ ránṣẹ́ kóun gbọ́ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ AutoPitch níbí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọdé olórin wa fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa ohùn ẹni lọ sórí nóòtì tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Ó dáa fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ohùn Yorùbá máa ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nínú ẹyọ fáwẹ̀lì kan, ibi tí ìtumọ̀ wà náà nìyẹn, tó o bá wá gbé AutoPitch lé e tó lágbára, gbogbo ìyọ̀ yẹn á gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ lò ó díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, kẹ́ ẹ sì wá àgbà kan tó máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Àwọn kan bi mí pé ṣé a kàn lè pe ara wa lórí fídíò kọ́ọ̀lù ká sì kọrin pa pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ṣeé ṣe, mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Tó o bá dúró ní mítà mẹ́wàá sí onílù, ìlù ẹ̀ ti pẹ́ tó 30 milliseconds (ẹgbẹ̀rún milliseconds ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) kó tó kàn ẹ́ létí, àwọn olórin sì mọ̀ pé tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ orin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, kálukú á máa dúró de ẹnì kejì. Ẹ wá wo ohùn tó ń ti Kàbbà lọ Manila ní Philippines tó tún ń padà, ìlọ nìkan ti ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ohun tí BandLab ṣe ni pé kò bá a jìjàkadì rárá: ìwọ gba tìẹ sílẹ̀ lónìí, èmi gba tèmi lé e lọ́la. Ó bá ìgbé ayé wa mu, torí pé ìgbà tí iná wà lọ́dọ̀ mi kọ́ ni ìgbà tí ẹnì kejì wà lójúfò.

Ẹ má fi íápíìsì Bluetooth gba orin sílẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Olówó-iyebíye ni àbí olówó pọ́ọ́kú, ohùn máa ń pẹ́ nínú ẹ̀ kó tó dé etí, wàá máa kọrin tẹ̀lé ohun tó ti kọjá. Oníwáyà ni kẹ́ ẹ lò.

Dátà ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti ń dunni. App yìí ò lè pàdé ẹlòmíì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, orí ayélujára ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ní January 2025 NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn ṣe sápò wa. Nígbà kajú, láti bíi February lọ, tí owó ń yí díẹ̀ nílùú, èèyàn lè ra dátà tó nípọn, tó bá di àárín òjò, mo máa ń ṣírò ẹ̀ kín-ín-kín-ín. Òru ni mo ń gbé nǹkan gòkè. Àwọn abúlé kan ní Bùnú sì wà tó jẹ́ pé orí òkè àbí abẹ́ igi kan pàtó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, ẹni tó bá wà níbẹ̀, mi ò ní tàn án jẹ, app yìí máa ni ín lára. Kó gba orin ẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kó wá gbé e gòkè lọ́jọ́ tó bá wá sọ́jà Kàbbà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ń sèfù, ohùn tí mo fi wákàtí méjì kọ ò dé òkè. Mi ò dá app lẹ́bi, ojú ọ̀run ló ṣú lọ́jọ́ náà, òpó tó wà ládùúgbò wa ló ṣíwọ́. Mo kàn ń sọ fún yín kẹ́ ẹ máa dúró wò ó pé ó ti gòkè tán kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn ẹ̀ ni.

Ó wá ku àwọn olólùfẹ́. Kí n sọ òótọ́, BandLab kì í ṣe ibi tí mo ti rí wọn. Olórin ló kún ibẹ̀, olórin ń gbọ́ ọwọ́ ẹ, ó ń gbọ́ bó o ṣe tò ó, ọ̀pọ̀ sì wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kó o wá gbọ́ tiwọn ni, wọ́n á lẹ "check my track" mọ́ gbogbo ara ògiri. Ẹni tí orin máa pa lára, ẹni tó máa rántí ìyá ẹ̀ torí ẹ̀, ibòmíì ló wà. Tèmi wà lórí WhatsApp. Èèyàn 11 la fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé àti àwọn tá a jọ wà ní kúáyà, báyìí a ti ju igba lọ, ọmọ Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ló pọ̀ jù níbẹ̀, Yàgbà, Òwé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀, àwọn kan wà nílé, ọ̀pọ̀ wà ní Èkó àti Abuja, àwọn kan wà ní Houston àti London. Group WhatsApp ń gba tó 1,024 èèyàn, nítorí náà àyè ṣì wà. Àwọn kan ní kí n ṣí Channel, ó ti wà láti 2023, ó sì dáa tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kéde nǹkan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n máa rí nọ́ńbà ara wọn. Àmọ́ kì í ṣe ibi ìjókòó. Èmi fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè dá mi dúró ní àárín orin kí wọ́n ní "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè é."

Nítorí wọ́n máa ń dá mi dúró lóòótọ́! Orin kan wà tí ìyá ìyá mi kọ́ mi, orin tí àwọn obìnrin máa ń kọ tí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, ìlà mẹ́rin péré ni mo mọ̀ níbẹ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ló pin sí. Mo fi sí group lálẹ́ Sátidé kan. Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọkùnrin kan láti Bùnú fi voice note ránṣẹ́, kì í ṣe ohùn ẹ̀, ohùn màmá ẹ̀ àgbà ni, màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò mọ̀wé kà, ọmọ ló gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Màmá ní, "Ọmọ mi, o ṣé o, àmọ́ o ò kọ ọ́ tán." Ni wọ́n bá gbé e látòkè délẹ̀, ìlà mẹ́rin tèmi, ìlà mẹ́fà míì tẹ̀lé e, ohùn wọn ń gbọ̀n, adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ń ṣeré. Gbogbo group dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà àwọn ará Yàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé lọ́dọ̀ àwọn ìlà kẹjọ yàtọ̀, àwọn Ìjùmú ní tàwọn náà yàtọ̀, àríyànjiyàn gidi, ọjọ́ méjì gbáko, ẹnìkan nínú wọn fi tìyá tiẹ̀ náà ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní Houston kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìgbà tí òun ti sin ìyá òun, òun ò tíì gbọ́ orin yẹn mọ́, òun gbé mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà kóun lè sunkún dáadáa.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá pé kí n fi ohùn wọn sínú orin. Wọ́n ní kí n má yọ adìyẹ kúrò. Mi ò yọ ọ́.

Ohùn màmá yẹn ni mo gbé sínú BandLab. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, onílù Salvador ti fi agogo tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn tẹ̀lé àgbà, ẹni Philippines fi bẹ́ẹ̀sì sí i, ó ní òun lù ú níwọ̀nba torí òun ò fẹ́ bo màmá mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe náà ni mo dá padà sí group, ọmọ wọn fi sétí màmá. Mi ò rò pé èmi nìkan lè ṣe orin yẹn láéláé. Àwọn tó wà nínú app mọ ọwọ́, àwọn tó wà ní group mọ ọ̀rọ̀, àárín méjèèjì ni mo ń sáré sí. Tó bá jẹ́ BandLab nìkan ni mo ní, ọkọ bàbá mi là bá ṣì máa kọ títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi orin ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kó lè dé bó ṣe wà. Voice note dáa fún ọ̀rọ̀, ó máa ń fún orin pa. MP3, èyí tí wọ́n ti fún pọ̀, ni kẹ́ ẹ fi fún àwọn olólùfẹ́, orin ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 128kbps ò ju nǹkan bíi 4MB lọ, WAV orin kan náà, èyí tí wọn ò fún pọ̀, á tó 40MB, ẹ rò ó wò fún màmá tó ń fi dátà ọmọ ẹ̀ gbọ́ ọ. WAV ni kẹ́ ẹ tọ́jú fún ara yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ta mí. Kí n tó mọ gbogbo èyí, mo sanwó fún ẹnìkan tó ní òun máa bá mi wá ẹgbẹ̀rún márùn-ún follower. Ó wá wọn o, láàárín ọjọ́ méjì. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó tẹ orin mi gbọ́ dópin, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan, orúkọ lásán ni wọ́n, lẹ́yìn oṣù méjì gbogbo wọn pòórá. Owó tí mo fẹ́ fi ran aṣọ ọdún ni. Lẹ́yìn ìyẹn, iléeṣẹ́ kan tó máa ń bá olórin gbé orin lọ sórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin gba owó ọdún kan lọ́wọ́ mi, nígbà tí mo fẹ́ gba kékeré tó wọlé, wọn ò dá ìwé mi lóhùn mọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí inú ń bí mi. Ọmọ-ìyá mi tó ń ka èyí, èèyàn ogójì tó mọ orúkọ ẹ tó sì máa ń dá ẹ lóhùn dáa ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí kò ní etí lọ.

Fork náà, ẹ fi ọgbọ́n lò ó. Ẹnìkan mú ẹ̀dà orin mi kejì, ó yọ orúkọ mi, ó gbé e sí ibòmíì bíi tiẹ̀. Òun ló hùwà àìdáa náà, kì í ṣe app. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, orin tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí mo ń wá èèyàn sí nìkan ni mo máa ń ṣí Fork fún, tí mo bá ti rí àwọn tí mo fẹ́, mo máa ń tì í, àwọn tí mo pè nìkan á máa wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó jìnnà, kì í ṣe lẹ́yìn tí orin bá ti gbayì: ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló dá ohùn, ta ló ni ìdá mélòó. Àwa mẹ́ta kọ tiwa sínú chat ibẹ̀, gbogbo wa ní "mo gbà", mo ya fọ́tò ẹ̀ pamọ́. Ní ti orin àwọn ìyá wa, a gbà láàárín ara wa pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní sọ pé òun ló dá a, orúkọ màmá àti ìlú ibi tó ti wá ló máa wà níbẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún BandLab fún wíwá olórin ẹlẹgbẹ́ ẹni. Mo yọ ọ̀kan kúrò torí bó ṣe gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì, àti torí pé àwọn ohun tó ń tún ohùn ṣe níbẹ̀ ò mọ èdè olóhùn bíi tiwa. Fún wíwá olólùfẹ́, méjì. Ẹ má fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ láìní ilé míì. Ẹni tó ń ṣe fújì àbí jùjú tó ní báńdì ẹ̀ nítòsí, tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, boyá kò nílò ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó dá wà bíi tèmi, tó wà ní ìlú tí gbogbo onígìtá ti kó lọ tán, kó gbìyànjú ẹ̀ lónìí. Kó kọ́kọ́ lọ gbọ́ tàwọn ẹlòmíì o.

Ní Kérésì tó ń bọ̀, tí àwọn ará Èkó àti Abuja bá ti wálé, a ti fẹnu kò ní group pé a máa pàdé ní Kàbbà, èmi pẹ̀lú gìtá mi, àwọn onílù ìlú, a ó tan fídíò àwọn méjèèjì sára ògiri kí wọ́n lè wà láàárín wa. Ẹni Philippines ti ń fi orin kẹta dánra wò, lánàá ló ní kí n tún fẹnu sọ ìlà kejì fóun, díẹ̀díẹ̀, ohùn ibì kan ò tíì dá òun lójú. Ọmọkùnrin Bùnú sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa gbé màmá wá, kí n bá wọn fi àga tó ní ẹ̀yìn pamọ́ níwájú.